Ẹni Tí Ó Jókòó Dípò Mi

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là, tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóyè wa pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tí a jọ dàgbà, tí kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó fẹ́ wo ojú mi. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni mo sọ pé mo fẹ́ lò nílé. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń jí pẹ̀lú èrò pé bóyá lónìí ni màá lọ, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, màá tún ká aṣọ mi sínú àpótí fún ìgbà tí n kò mọ iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà, nítorí òun gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Abúlé wa wà ní ìhà Datcha, ẹni tí ó bá tètè jí lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Àtakpamé kí oòrùn tó mú. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Ṣùgbọ́n èmi ti jáde lọ sí ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ọdún mẹ́rin ni mo sì ti lò ní Abẹ́òkúta, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti di olùkọ́. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni láti máa bójú tó ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́. Èmi ni mo ń darí àdúrà òwúrọ̀ àti ìpàdé ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, èmi ni wọ́n ń pè. Bí àárò ilé bá ń sọ ẹnìkan, èmi ni. Bí ẹnìkan bá ti di ẹrù tí ó fẹ́ sá lọ, èmi náà ni wọn yóò wá jí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dé ọkàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, òyìnbó kan tí kò fẹ́ràn ìpàdé tí ojú rẹ̀ kò tó, ti sọ fún mi kí n tó wá sílé pé bí n kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò wọlé, òun yóò tú ẹgbẹ́ náà ká. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Bí mo ṣe wọ abúlé nìyẹn, nínú oṣù Kérésìmesì, tèmi ti kóòtù lábẹ́ oòrùn, tí bàtà mi ń dún kò-kò-kò lórí òkúta. Àwọn ènìyàn jáde wá wò mí. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ìhìnrere tó wà lójú mi ni wọ́n ń wò. Bàtà ni wọ́n ń wò. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó sunkún, ó wá tì mí sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó fi òwú sẹ́nu?” Ní Abẹ́òkúta, ohùn Ifẹ̀ mi, èdè àwa ará ìhà Àtakpamé, ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nílé, ohùn Abẹ́òkúta ni. Kò dùn mí. Mo ka ara mi sí ẹni tí ilẹ̀ méjì ń fẹ́.

Láti jáde padà kúrò ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí gbogbo wa ń pè ní lesé-pasé. Ọ́fíìsì kọmandáǹ, òyìnbó Faransé tí ń ṣàkóso agbègbè wa, ní Àtakpamé ló ń fúnni, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún ọ bí olóyè rẹ kò bá ránṣẹ́ pé òun mọ̀ ọ́, òun sì yọ̀ǹda rẹ. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo gbé iṣu mẹ́ta àti àkùkọ kan, mo lọ kí olóyè.

Mo bá òun àti àwọn àgbà mẹ́ta lórí ẹní, wọ́n ń ṣa igi. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò gùn ju ìka lọ, wọ́n sì dì í ní ìdì-ìdì, ìdì kan fún agboolé kan. Nígbà náà ni wọ́n ń fa ojú irin láti Àtakpamé lọ sí ìhà òkè, tipátipá sì ni wọ́n ń kó ènìyàn lọ síbi iṣẹ́ náà. Bí kọmandáǹ bá ti béèrè ènìyàn, olóyè yóò fi igi ránṣẹ́ sí agboolé kọ̀ọ̀kan: igi mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta. Baálé ilé ni yóò wá mọ ẹni tí yóò lọ. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó lọ ní èṣí, arákùnrin rẹ̀ á gbà á. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n á fi í pamọ́ sí oko. Igi kò lórúkọ lára, gbogbo wa la sì jọ ń fara dà á.

Èmi wá rẹ́rìn-ín. Háà, ẹ wo ọmọ ilé ìwé! Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣì ń fi igi ka ènìyàn títí di òní? Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó mọ́ kedere.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, “Ọmọ, igi yìí ti tó wa.”

Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ kọmandáǹ wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kà. Mo gbé e, mo kà á ní èdè Faransé, ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì tú u sí èdè wa. Olóyè náà, àgbàlagbà tí ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, kí n gbìyànjú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ láti agboolé dé agboolé. Kò sí ibi tí wọn kò ti fún mi ní omi mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́: wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mọ̀ mí sí ọmọ ilé ìjọsìn, wọ́n rò pé orúkọ tí a ó fi máa gbàdúrà fún wọn ni mo ń kọ. N kò purọ́ fún wọn. N kò sì là á yé wọn. Mo rò pé olóyè ti sọ fún wọn, olóyè sì rò pé èmi ni yóò sọ. Àwọn tí ń bọ òrìṣà pàápàá ní kí n má gbàgbé tàwọn. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n kọ orúkọ ọkọ òun tí ó ti kú, kí àdúrà náà má baà fò ó. Mo kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún ìyá mi pé abúlé yìí ti ṣe tán láti gba ìhìnrere.

Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí àwọn gáàdì kọmandáǹ fi dé pẹ̀lú ìwé mi tí olóyè ti fi ránṣẹ́. Wọn kò mú igi dání. Wọ́n dúró sí ìta ọjà, wọ́n ń pe orúkọ. Wọ́n pe ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó ní òun ni yóò lọ. Gáàdì wo ìwé, ó ní orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n náà ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀, gáàdì sì ń fi ìka tọ́ka sí ìwé. Wọ́n pe orúkọ òkú náà pẹ̀lú. Nígbà tí kò dáhùn, wọ́n mú ọmọ rẹ̀. Ìyá arúgbó náà kò pariwo. Ó kàn ń wá mi kiri láàárín èrò pẹ̀lú ojú rẹ̀, èmi náà sì sá sí ẹ̀yìn igi ọ̀sàn bí olè.

Mo sáré lọ bá olóyè pé kí ó ránṣẹ́ sí Àtakpamé nítorí lesé-pasé mi. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

“Kọmandáǹ ní ìwé náà dára púpọ̀,” ó wí. “Ó fẹ́ tuntun lóṣooṣù. Ta ni yóò kọ ọ́?”

“Bàbá, mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run tí mo fẹ́ lọ ṣe.”

“Ọlọ́run náà, ṣé òun ni yóò bá mi dá kọmandáǹ lóhùn?” Ó tún rẹ́rìn-ín. “Mo ní kí n padà sí igi, wọ́n ní kò sí igi mọ́. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi. Bí o bá fẹ́ lọ, wá ẹni tí ó lè kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jókòó síbí.”

Mo jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan fún mi àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo wá di akọ̀wé olóyè láìgbà fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá lọ sí odò, àwọn obìnrin á dákẹ́. Bí mo bá kí ènìyàn, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n yóò ti kọjá kí ó tó dáhùn. Ìyá mi ni ó dùn mí jù. Wọn kò ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sọ fún mi, àwo iyọ̀ tí kò dín ni mo fi mọ̀.

Mo gbìyànjú. Mo rìn lọ sí Àtakpamé nígbà méjì. Nígbà àkọ́kọ́, ògbufọ̀ tí ó wà ní ọ́fíìsì ní kí n lọ gba ọ̀rọ̀ ẹnu olóyè mi wá. Nígbà kejì, ó ti mọ̀ mí, ó ní, “Ah, akọ̀wé!” ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ba ọkàn mi jẹ́ ju kí ó lé mi lọ. Ẹnìkan sọ fún mi pé ọ̀nà kan wà nínú igbó tí ó gba etí odò Mono jáde sí ilẹ̀ Dàhọ̀mì, pé bí mo bá fi ìgboyà rìn, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin kan sá ní ọdún tí ó ṣáájú: ìyá rẹ̀ ni wọ́n mú jókòó sínú oòrùn ní iwájú ilé olóyè títí ọmọ fi padà. Mo rò pé ìyá mi kò mọ ohun tí mo ń rò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fẹ́ ọkà nínú atẹ, ó ní, “Bí o bá fẹ́ sá, sọ fún mi kí n wá ẹní tí màá fi jókòó.” Kò bínú nígbà tí ó sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti rò ó mọ́.

Mo bínú sí Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo ń kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ń jáde àfi “kí ló dé?” Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n ní àwọn ń retí mi, wọ́n ní ẹnìkan nínú àwọn tí ó fẹ́ sá tẹ́lẹ̀ ti wá fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Mo ka lẹ́tà náà títí ó fi ya níbi tí mo ti ń ká a. Wíwọlé ilé ẹ̀kọ́ ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Ẹnìkan péré ló kù ní abúlé wa tí ó mọ ìwé kọ. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi àti òun la jọ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ katikíìsì kan náà. Kí n sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwa méjèèjì la jọ pinnu lọ́mọdé pé iṣẹ́ Ọlọ́run la ó ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú, ó padà sí oko láti bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, èmi sì lọ. Òun nìkan ni kò yí ojú kúrò lára mi ní gbogbo àkókò yẹn.

Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ ní oko òwú. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi dáadáa lọ́nà, bí ẹni tí ó fẹ́ wàásù. Mo sọ nípa ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sọ nípa ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, mo sọ nípa ọ̀gá. Kí n tó dé ibi tí mo ń lọ, ìyàwó rẹ̀ ti gbé apẹ̀rẹ̀ òwú sílẹ̀.

“Kò lójútì!” ó wí. “Ẹ gbà mí, akọ̀wé yìí kò lójútì rárá! Àwọn ọmọ rẹ yẹn ní bàtà, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ọ̀gá. Kí ni ọkọ mi ní? Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ìwé tí o kọ. Ṣé ọkọ mi ni kí ó wá jókòó kí ó máa pe orúkọ rẹ̀?”

Mo ní, “Oṣù mẹ́ta ni. Mo fi Ọlọ́run búra. Màá wá akọ̀wé ní Lomé bí mo bá ń kọjá, bí n kò bá sì rí, èmi fúnra mi á padà wá kí oṣù mẹ́ta tó pé.”

Ọ̀rẹ́ mi ń yọ èèpo kúrò lára òwú. Ó ṣe é títí. Ó wá ní, “Àwọn ọmọ náà, ṣé wọ́n máa ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé wọ́n máa ń kọrin?”

“Wọ́n máa ń kọrin gan-an.”

Ó ní, “Bí a bá jọ há síbí, kò sẹ́ni tí ó jèrè. Lọ. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀.” Ìyàwó rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ láì dágbére fún mi.

Ó yẹ kí n ti rí ojú ọ̀rẹ́ mi dáadáa ní ọjọ́ yẹn. Inú mi ti dùn jù. Olóyè dán an wò, ó ní ìwé tirẹ̀ rí mímọ́ ju tèmi lọ. Ọjọ́ kejì, ìránṣẹ́ ti lọ sí Àtakpamé. Ọjọ́ kẹrin, lesé-pasé wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí gúúsù, mo sì ń kọrin láàárín àwọn àpò àgbàdo. Nígbà tí a dúró ní Notsé, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó jókòó tì mí. Mo lo ọjọ́ kan ní Lomé. Mo béèrè akọ̀wé lọ́wọ́ ènìyàn méjì, ni mo bá wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Dàhọ̀mì.

Mo dé Abẹ́òkúta ku ọ̀la kí wọ́n wọlé. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, mo dìde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo jẹ́rìí. Mo sọ bí wọ́n ṣe há mi mọ́, bí mo ṣe gbàdúrà, àti bí Ọlọ́run ṣe ṣílẹ̀kùn lójijì. Wọ́n kígbe halelúyà. Orí wọn wú, omi ń bọ́ lójú mi. N kò dárúkọ ènìyàn kankan nínú ìtàn náà.

Oṣù mẹ́ta pé. Lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi dé, ó béèrè bóyá mo ti rí ẹni tí ń bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń múra ìdánwò nígbà náà, mo ní kí wọ́n parí ná. Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn ìkórè. Ó ní wọ́n ti mú àbúrò ìyàwó òun lọ sí ojú irin, òun fúnra òun ni òun sì pe orúkọ rẹ̀. Mo jókòó ti lẹ́tà yẹn fún odidi ọ̀sán kan. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni ẹsẹ Bíbélì kan nípa ìfaradà, mo sì ní kí ó máa gbàdúrà. Kò kọ ìwé sí mi mọ́. Èmi náà sì ń jẹ́rìí lọ, ọdọọdún, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ìtàn náà sì ń dára sí i lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ogun òyìnbó ńlá, nígbà tí wọ́n ti fòpin sí iṣẹ́ ipá, ni mo tó padà sílé. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Mo bá ọ̀rẹ́ mi ní iwájú ilé rẹ̀, òun nìkan, ó ń gé iṣu sínú ìkòkò. Irun rẹ̀ ti funfun, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Ìyàwó rẹ̀ ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìròyìn dé pé àbúrò náà kú síbi iṣẹ́. Ní ilé ìjọsìn, ó wí fún mi, àga ẹ̀yìn ni òun ń jókòó sí, kì í sì í sí ẹlòmíràn lórí àga náà.

Mo ti to ọ̀rọ̀ lọ́nà ní ọjọ́ yẹn pẹ̀lú. Mo dọ̀bálẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì ṣáko lọ. Ó ní kí n dìde, kí n má da eruku sí iṣu òun.

Ó wá béèrè pé, “Àwọn ọmọ tí o torí wọn lọ, báwo ni wọ́n?”

Mo sọ fún un. Ọ̀kan ti di pásítọ̀, ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, méjì wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Ó béèrè èyí tí ó ṣe ìrìbọmi. Mo ní òun ni pásítọ̀ náà. Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó béèrè iye ọmọ tí pásítọ̀ náà bí. Inú rẹ̀ dùn, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo ní, “Bá mi lọ. Ilé mi ní yàrá méjì. Níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò máa kí ọ.”

Ó ní, “Níbẹ̀, wọn kò mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn tí mo kọ orúkọ wọn, ibí ni wọ́n wà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ dárí jì mí ní ọjọ́ kan, ṣé kí ó wá mi títí dé Abẹ́òkúta ni?”

A jọ jẹ iṣu náà. Mo sùn ní ilé rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, a jọ jókòó sí àga ẹ̀yìn ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan sì kí mi, wọn kò kí i. Ní ọjọ́ kẹfà, mo di àpótí mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè mí, òótọ́ sì ni.

Arúgbó ni mí báyìí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá sí ilé mi pé kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe mú mi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́un, mo sì ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Wọn kì í kígbe halelúyà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, lẹ́yìn ogun, nígbà tí mo tún fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, ta ni ó dí mi lọ́wọ́ láti dúró. Mo ní kò sẹ́ni kankan.